Oyè Márùn-ún Lórí Àwo Ìkókó

Tí ẹ bá pàdé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé Olóyè ni òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ọba tó fi í joyè. Ó máa sọ pé Enjiníà ni òun. Ìyẹn ò burú, torí ó mọ òṣùwọ̀n tún ṣe lóòótọ́, kó tó di pé ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó máa sọ pé Alàgbà ni òun ní ìjọ, àti pé òun náà ni Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ni Ààrẹ, èmi ni akọ̀wé, ẹnì kẹta sì ti kó lọ sí ìlú mìíràn láìdágbére.

Nílé, Bùọ̀dá ni mò ń pè é, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ni. Èmi fúnra mi, Àǹtí Sódà ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bá a jó wáyà mọ́ wáyà, òórùn sódà, òjé tí a ń yọ́ sórí wáyà, kò kúrò lára aṣọ mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe àjèjì tó jókòó tó ń bú ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mò ń sọ, inú sì ń bí mi sí ara mi bó ṣe ń bí mi sí i.

Òṣùwọ̀n òde òní, ẹ jẹ́ mọ̀, kì í ṣe irin àti sípíríǹgì nìkan. Ṣíìpù kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó ìdajì èékánná ọmọ ìka, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, òun ló ń bá a rántí nǹkan. Bí iná lọ, bí wọ́n yọ bátìrì, bí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún ogún ọdún, ohun tí ẹ bá kọ sí i kò ní parẹ́. Ọ̀gá mi ìbá ní irú rẹ̀ lórí, kì bá tí máa gbàgbé pé èmi ni mo ṣe iṣẹ́ tó ń fi yangàn.

Wáyà méjì péré la fi ń bá ṣíìpù yẹn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń ka ìṣísẹ̀, ìkejì ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò lórí ìlà. Inú rẹ̀ pín sí ojú ewé ojú ewé, ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní àyè méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ fọkàn sí ibi tí mo dé yìí. Tí ojú ewé bá kún tí ẹ kò sì dúró, ohun tó ṣẹ́kù kì í bọ́ sí ojú ewé kejì. Ṣe ló máa yí padà sí àyè àkọ́kọ́ lójú ewé kan náà, tí á sì jókòó lé ohun tó bá níbẹ̀ lórí. Kò ní pariwo, kò ní bá yín jà. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ni àyè.

Nínú òṣùwọ̀n ìkókó tiwa, ojú ewé kan wà tí a ń kọ orúkọ sí. Ṣùgbọ́n àyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti orúkọ. Ìwọ̀n àwo tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí la kọ síbẹ̀. Ọgbọ̀n la máa ń kọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún gíráàmù mẹ́wàá, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù, kí ẹ̀rọ lè yọ àwo kúrò kó tó sọ bí ọmọ ṣe wúwo tó. Àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù ni ti ẹni tó tún un ṣe. Ọ̀gá ló pín in bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí oyè rẹ̀ kò tíì tó nǹkan.

Orúkọ la máa ń kọ kẹ́yìn. A ní òkúta ìwọ̀n kan ní ṣọ́ọ̀bù, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, kílò kan géérégé. Mo máa gbé e lé àwo, tí ojú ẹ̀rọ bá ti sọ 1,000, Ọ̀gá á ní, "Ó yá, fọwọ́ sí i fún mi." Ìgbà yẹn ni mo máa wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ṣíìpù. Lẹ́yìn ìyẹn a kì í tún dán òṣùwọ̀n náà wò mọ́, a ó kàn dì í sínú páálí. Iṣẹ́ ti parí, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, kí la tún ń wá?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mò ń kọ ni OLOYE ENJINIA ALAGBA AARE. Tí ẹ bá ka lẹ́tà àti àlàfo pọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ó wọlé, àyè sì tún kù. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Oyè ti gba gbogbo ilé, onílé wà níta.

Ìgbà tó yá ni ìwé ẹ̀rí kan dé láti ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò tíì rí ẹni tó jáde níbẹ̀ rí. Ó ti di Dókítà. Ó gbé ìwé náà sínú férémù, ó sì gbé e kọ́ sókè ibi tí mo ti ń jó sódà, tí èéfín ń rú sí i lójú láàárọ̀ lálẹ́.

"Àǹtí Sódà," ó ní, "láti òní lọ, Dókítà wọlé."

"Níbo lẹ fẹ́ kó wọlé sí, Ọ̀gá?"

"Ẹ̀yìn Olóyè. Olóyè ló máa ṣáájú. Ìrẹ̀lẹ̀ dáa."

Mo tẹ̀ ẹ́: OLOYE DOKITA ENJINIA ALAGBA AARE. N kò kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ nìyẹn, torí ká ní mo kà á ni, méjìlélọ́gbọ̀n ni ǹ bá bá, mo sì mọ̀ dájú pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àyè tó wà.

Lẹ́yìn tí a bá kọ nǹkan sínú ṣíìpù tán, kọ̀ǹpútà wa máa ń ka ohun tó wà níbẹ̀ padà, á fi wé ohun tí a ní kó kọ. Tí wọ́n bá jọra, á ní Ó BÁ ARA MU. Lọ́jọ́ yẹn, pupa ló yọ: Ó YÀTỌ̀.

"Ọ̀gá, ó ní ó yàtọ̀ o."

"Kí ló yàtọ̀?"

"N ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò? Ilé ìwòsàn ń dúró de òṣùwọ̀n mẹ́rin, o ní o fẹ́ wo nǹkan. Níbo ni kinní tó ń yẹ̀ ọ́ wò yẹn wà?"

Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó fún ojú pọ̀, ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ KÀ Á PADÀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìka ara rẹ̀ yọ máàkì tó wà nínú rẹ̀. "Ẹni tí kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀ padà," ó ní. "Ṣé o ti rí Dókítà tó ń ka ohun tó kọ rí?"

Mo lè parọ́ fún yín pé mo bá a jà. N kò jà. Oúnjẹ ọ̀sán mi ti ń tutù. Mo kọ òṣùwọ̀n mẹ́rin bẹ́ẹ̀, mo kọ ìkarùn-ún tó máa wà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà kò sì tún sọ nǹkan kan, ẹni tí wọ́n bá ti fọwọ́ bò lẹ́nu kì í sọ̀rọ̀.

Orúkọ yìí ni ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fi hàn tí a bá tàn án; nígbà tí a tan ẹ̀rọ àkọ́kọ́, àwọn oyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kọjá lójú ẹ̀rọ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀gá dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbẹ̀bùn nílé ìwé. Wọ́n dé òpin: ALAGBA AAR.

"Níbo ni E mi wà?"

Ó gbé fóònù, ó pe ẹni tó ń ta ojú ẹ̀rọ fún wa, ó sì bú u fún odindi ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ojú ẹ̀rọ wọn kúrú. Ó ní olè ni wọ́n, wọ́n ti jí E òun lọ. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ká ní mo mọ ibi tí E yẹn sá wọ̀ ni, n kì bá tí rẹ́rìn-ín.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìyàwó ọmọ Ọ̀gá fi bímọ ọkùnrin. Tíṣà là ń pe ìyàwó náà, torí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló fi ń lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé. Òṣùwọ̀n àtijọ́ tó ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò ní yàrá ìgbẹ̀bí, òun ló sì sọ pé ọmọ náà jẹ́ 3,100 gíráàmù lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́bọ̀ kan, Tíṣà gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tiwa. Ó sọ pé 2,860.

Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ìwé, ó wá wo àyà Tíṣà. "Ìyá, ṣé ẹ tiẹ̀ ń fún ọmọ yìí lọ́mú ṣá?"

"Mò ń fún un, mà. Tọ̀sán tòru."

"Ẹ̀rọ kì í bá èèyàn ṣọ̀tá o." Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀. "Tí kò bá tíì tó 3,100 padà lọ́jọ́ Ajé, a máa dá a dúró síbí, a ó fi rọ́bà sí i nímú, a ó máa ti ibẹ̀ fún un ní wàrà."

Kì í ṣe Tíṣà nìkan. Láàárín oṣù kan, ìyá mọ́kànlá ni wọ́n fi báírò pupa kọ orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó bi òṣùwọ̀n léèrè ọ̀rọ̀. Ṣe ni wọ́n kó àwọn ìyá jọ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi àwòrán ẹyin àti ẹ̀wà hàn wọ́n, wọ́n ní àwọn ìyá ayé ìsinsìnyí kò mọ oúnjẹ jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. "Mẹ́rin ni mo bí," ó ń sọ fún Tíṣà, "kò sí èyí tó rù nínú wọn. Omi ọmú tèmi, aṣọ ìnura ni mo fi ń nù ún. Ìwọ, kí lo fi tìrẹ ṣe?" Ó ti lọ ra agolo wàrà kan, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín tábìlì, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i. Tíṣà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yìn ọmọ ló ń wò tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí wọ́n má jà, pé òun ní ọgbọ́n kan. Ó gbé òṣùwọ̀n karùn-ún wálé láti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ó tẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Ó sọ pé 2,870.

"Ẹ rí i? Ti ilé ìwòsàn sọ ọ́, tèmi náà sọ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì ti jẹ́rìí." Ẹlẹ́rìí méjì tó ti ẹnu kan náà jáde ni o. "Ẹ̀rọ mi kì í parọ́," ó tún ní, "èèyàn ló ń parọ́." Ìṣojú Tíṣà ló ti sọ ọ́. Ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí omi, ó ní kó mọ̀ pé ìyàwó tó fẹ́ kò lómi lọ́mú.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó lọ kí wọn. Mo bá ilé náà bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Tíṣà kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó dìde, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ọwọ́ mi: láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ọjọ́ tí n kì í gbé òkúta kílò kan sókè kí n gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ mi mọ kílò. Mo gbé ọmọ yẹn, ọwọ́ mi sì sọ fún mi pé kílò mẹ́ta ti kọjá níbí tipẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, itan rẹ̀ ní ìlà. Ọmọ tó rù kì í ní ìlà ní itan.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i bó ṣe wọ̀n," mo ní.

Ọ̀gá tan ẹ̀rọ. Olóyè kọjá, Dókítà kọjá, Enjiníà tẹ̀lé e, Alàgbà tẹ̀lé Enjiníà, AAR wọ́ lẹ́yìn wọn. Mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀: 2,890. AAR tó kọjá lẹ́ẹ̀kan kò kúrò lójú mi. Mo bi ara mi pé, nígbà tí E kò sí lẹ́yìn, ibo ló wà? Ìgbà yẹn ni mo fi ìka ka oyè náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n má tíì gbé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo kó kọ̀ǹpútà àti òkúta bàbà wá.

Mo gbé òkúta lé àwo. 610.

"Òkúta yẹn ti jẹ, kò pé mọ́," Ọ̀gá ní.

Mo wọ ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi, mo mú ṣúgà kílò kan tí wọn kò tíì tú wá, mo gbé e lé e. Òun náà 610 àti díẹ̀.

"Ẹ rí àwọn oníṣúgà yẹn? Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àga. "Bàbá, òkúta ń parọ́. Ṣúgà ń parọ́. Ọmú ìyàwó ọmọ yín ń parọ́. Ẹ̀yin nìkan wá ni olóòótọ́ ilé yìí?"

Mo so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ ṣíìpù, mo ka ojú ewé yẹn padà, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ yẹn. Ọgbọ̀n kò sí ní àyè àkọ́kọ́ mọ́. Mọ́kàndínláàádọ́rin ló wà níbẹ̀. Lójú ṣíìpù, kò sí ohun tó ń jẹ́ lẹ́tà, nọ́ńbà ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà E sì ni mọ́kàndínláàádọ́rin.

"Bùọ̀dá," mo ní, "E yín nìyí. Kò sẹ́ni tó jí i. Kò ráyè lẹ́yìn, ló bá yí wá síwájú, ó jókòó sórí àwo ọmọ. Ẹ̀rọ rò pé àwo tó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ ọmọ sí i, ó ń bu irínwó gíráàmù ó dín mẹ́wàá lára ẹran ara ọmọ ọlọ́mọ."

"Tí kò bá sí nǹkan lórí rẹ̀, òdo ló ń sọ!"

Òótọ́ ni, òdo ló ń sọ. Òun ló pàṣẹ nígbà kan pé ẹ̀rọ wa kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó dín sí òdo hàn, pé á máa ba àwọn oníbàárà lẹ́rù. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ojú Tíṣà ti kúrò lára ọmọ, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni pé mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Ọ̀gá jókòó. Ó fi ìka ń ka nǹkan lórí tábìlì. Ojú wa ń wò ó, mo sì rò pé ó ń wá bó ṣe máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé orí sókè.

"Ṣé a ò lè jẹ́ kí àwo wúwo sí i?"

"Báwo, Bùọ̀dá?"

"Kí o jó irin mọ́ ìdí rẹ̀. Irínwó ó dín mẹ́wàá. Àwo á di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín mẹ́wàá, ẹ̀rọ á tọ̀nà, E á sì wà ní ibi tó wà."

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìṣirò rẹ̀ pé. Ọpọlọ náà ṣì wà níbẹ̀, oyè ló jókòó lé e. Mo ní kó kúkú yọ ẹyọ kan nínú wọn. Ó ní Olóyè kẹ̀, ṣé wọ́n ń yọ orí kúrò lọ́rùn? Dókítà ńkọ́? Kò tíì pé oṣù méjì! Enjiníà ni iṣẹ́ ọwọ́ òun. Alàgbà, Ọlọ́run ń wo òun o. Ààrẹ, inú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní dùn. Mo rán an létí pé èmi ni ọmọ ẹgbẹ́, inú mi sì ti bàjẹ́ tán.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, ó ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n agolo wàrà orí tábìlì ló ń wò.

Tíṣà dìde níbi tó jókòó sí. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Bàbá, gbogbo rẹ̀ ni màá máa pè yín, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, lórí ìkúnlẹ̀. N ò ní fo ẹyọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi kó wọn kúrò lórí àwo ọmọ mi."

Ọ̀gá kò lè wò ó. Èmi ni mo fà kọ̀ǹpútà mọ́ra. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọgbọ̀n sí àyè àkọ́kọ́, mo sì fi àlàfo kún àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù, kò sí Olóyè, kò sí Ààrẹ, kò sí nǹkan kan. Mo dá máàkì padà sínú àpótí KÀ Á PADÀ. Ó BÁ ARA MU. Mo gbé òkúta lé e: 1,000. Mo tẹ́ ọmọ sí i: 3,280.

Tíṣà ka nọ́ńbà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń kà á fún kíláàsì. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti pálọ̀, a sì ń gbọ́ ọmọ tó ń mu ọmú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé agolo wàrà kúrò lórí tábìlì, ó rìn yí pálọ̀ ká, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ọ̀gá ń wo ojú ẹ̀rọ tó ṣófo. "Kò tiẹ̀ wá sọ ẹni tó ṣe é mọ́," ó ń ráhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá kò lè wá, ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́tà ló fi rán mi, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún ìyá mẹ́wàá tó kù. Ìlà méjì ni àforíjì inú rẹ̀, ó ní àṣìṣe kékeré kan ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i, oyè kan lórí ìlà kan, márùn-ún ní òòró, E sì pé ṣánṣán ní ìparí Ààrẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí lẹ́tà tí ìdí rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tún òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ, mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan padà lójú nọ́ọ̀sì, mo gbé òkúta lé wọn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fò sókè nígbà tí wọ́n rí iye tí ọmọ wọn wọ̀n. Ọ̀kan bú mi láti orí dé ẹsẹ̀, mo dúró gbà á, torí mi ò rí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ aránṣọ, téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgò ni ọmọ rẹ̀ ń mu. Orúkọ tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi báírò pupa kọ, ó sì ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí.

"Nígbà yẹn, ṣé mo lómi ọmú?"

"Ẹ ní," mo ní. "Ó tó ọmọ yín, ó tún ṣẹ́kù."

"Ó ti gbẹ báyìí."

A lè pa ohun tó wà nínú ṣíìpù rẹ́ kí a sì tún un kọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀mí rẹ̀ gbà á. Mo na lẹ́tà sí i. Ó fi apá kan gbé ọmọ, ó ka ìlà méjì yẹn, ó wá ń fi ojú sọ̀ kalẹ̀ láti orí oyè kan sí èkejì títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

"Àwọn márùn-ún wọ̀nyí," ó ní, "èwo nínú wọn ló ṣe é?"

Mo wo lẹ́tà náà. Lóòótọ́, tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa rò pé èèyàn márùn-ún ló fọwọ́ sí i.

"Kò sí níbẹ̀," mo ní. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ sọ fún mi pé ó yàtọ̀, mo sì dákẹ́."

Kò bú mi. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ téèpù rẹ̀. Ó wá gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó na ìgò sí mi, ó ní kí n fún un ní oúnjẹ rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ìyá, mo sì ń fún un títí ìgò fi ṣófo.